Ọyẹ́ Tún Dé O: Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Awọ Inú Imú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú tí a ti ń fà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ imú ni. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán ná, lẹ́yìn náà kó wá gbọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n wá pè wá lóru sí ilé kan ní Sábọ̀n Gàrí. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ni ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ọ̀fun rẹ̀ lọ sínú. Ọmọ ń gbé e mì, ó tún ń bì í padà. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ inú bàsíà yẹn á rò pé nǹkan ti já nínú ọmọ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé ti ń sọ pé ọmọ náà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun lóru. Òmíràn ní kí wọ́n yáa wá ọkọ̀ fún un nídàájí kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó má ko bá gbogbo ilé. Àǹtí rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń sunkún.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ń gbé ní ojúlé kejì. Màmá wọlé, wọn kò tilẹ̀ dá ìkíni wa lóhùn. Wọ́n gbé ọmọ náà jókòó, wọ́n tẹ orí rẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n fi ìka méjì fún ibi tó rọ̀ nímú rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní kó máa fi ẹnu mí. Wọ́n wo aago wọn. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi pé. Ìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Wọ́n wá yíjú sí wa, wọ́n ní: "Ẹ̀yin àgbààgbà, àjẹ́ wo lẹ̀ ń wá? Ọyẹ́ ló gbẹ awọ inú imú ọmọ yìí, ó sán, ẹ̀jẹ̀ sì dà."

Ojú tì wá. Àwa náà ka Báyọ́lọ́jì títí dé kíláàsì karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n ìdánwò la kà á fún, a ò kà á fún imú wa. A bẹ Màmá kí wọ́n jókòó là á yé wa, lẹ́yìn náà àwa fúnra wa lọ wádìí sí i. Ohun tí a rí kọjá ẹ̀jẹ̀ imú lọ. Ó kan ikú tí àwa tí a ti pẹ́ ní ìlú yìí fojú ara wa rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ yẹn. Awọ méjì ni Ọlọ́run fi bo ènìyàn. Ti òde gbẹ, ti inú tutù, ó sì máa ń yọ̀. Ti inú yìí ni àwọn dókítà ń pè ní mucous membrane. Láti inú ihò imú àti ẹ̀yìn ètè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tún tẹ̀ lé ọ̀nà oúnjẹ gba àpò oúnjẹ àti gbogbo ìfun kọjá títí dé ìdí. Ó wà lábẹ́ ìpéǹpéjú, ó wà nínú àpò ìtọ̀, ó wà lójú ara obìnrin àti nínú ilé ọmọ. Kò sí ibi tí nǹkan òde lè gbà wọ inú wa tí awọ yìí kò dúró sí bí ọlọ́dẹ. Awọ òde àgbàlagbà, bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò ju square mita 2 lọ, ẹní kan náà ni. Ṣùgbọ́n awọ inú ìfun nìkan, nítorí bó ṣe ká lọ́nà ẹgbẹ̀rún, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n sí bíi square mita 30. Yàrá méjì nínú irú ilé tí à ń gbé ní Sábọ̀n Gàrí kò ní gbà á.

Ikun ni ohun ìjà awọ yìí. Ikun tí à ń fun dànù, tí a fi ń bú ọmọdé pé ikun ń jáde nímú rẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù sì ni iyọ̀ àti èròjà tó ń jẹ́ kó lẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí ara fi ń bá àrùn jà. Eruku tàbí kòkòrò tó bá bà lé e, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹyẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àtè. Irun tínínrín wà lábẹ́ rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń jù síwá sẹ́yìn ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn irun wọ̀nyí ló ń gbá ikun náà lọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun bí ìgbà tí ènìyàn ń gbálẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, ohun tó bà sínú imú ti dé ọ̀fun, a ti gbé e mì láìmọ̀, omi kíkan inú àpò oúnjẹ á sì yanjú rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni iṣẹ́ yìí, kò sí ìsinmi, kò sí owó oṣù.

Ìtàn kan wà tó dùn mọ́ wa nínú. Gbogbo wa la mọ orúkọ penicillin, tí Alexander Fleming rí ní London ní ọdún 1928. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ní 1921, ọ̀fìnkìn mú ọkùnrin náà, ó bá mú lára ikun imú ara rẹ̀, ó kán an sínú àwo tí wọ́n fi ń sin kòkòrò fún ìwádìí. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kòkòrò tó wà nítòsí ikun náà ti yọ́ dànù. Ní 1922 ló kọ ọ́ síta, ó sì sọ èròjà náà ní lysozyme. Ó wà nínú omijé àti itọ́ ẹnu náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń yínmú sí ikun, oògùn lẹ̀ ń yínmú sí.

Àmọ́ omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí fi ń lọ, omi yẹn gan-an sì ni ọyẹ́ ìhà ibí ń jà lólè. Nílé lọ́hùn-ún, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn, ọyẹ́ máa ń wá kí wa ni, ó lè ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tún padà síbi tó ti wá. Níhìn-ín, ó máa ń wá gbé ni. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ń gbéra láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí ìsàlẹ̀ adágún omi àtijọ́ kan ti gbẹ tó sì di lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ kó má tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rò ó wò: imú gbọ́dọ̀ fi omi ara rẹ̀ rin gbogbo èémí tí à ń mí kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí omi bá dín, ikun á ki, á gbẹ di èépá, àwọn irun tó ń gbálẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, awọ á sì sán bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní iwájú ògiri tó pín imú sí méjì, ọ̀pọ̀ ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pàdé níbẹ̀, awọ tó bò wọ́n sì fẹ́lẹ́. Ọmọ tí kò mọ ọyẹ́ rí, tó fi èékánná tọ èépá yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dé nìyẹn. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ń bá a jẹun lóru.

Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ imú nìkan ni, a ò ní kọ̀wé gùn tó báyìí.

Àwa tí a wà ní Kánò ní ọdún 1996 kò lè gbàgbé lọ́rùnlọ́rùn ọdún náà, èyí tí àwọn kan ń pè ní yírùnyírùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Iye àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó mú ní Nàìjíríà lọ́dún náà lé ní 100,000, àwọn tó sì kú lé ní 11,000. A ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Àwa mẹ́jọ là ń gbé yàrá kan, ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa, a sì ti fi àpò sìmẹ́ǹtì di fèrèsé nítorí òtútù òru. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ rédíò sọ lálẹ́ ọjọ́ kan pé orí ń fọ́ òun. Nídàájí, ara rẹ̀ ti gbóná janjan, kò sì lè tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà mọ́. A ní ibà ni. A lọ ra oògùn ibà fún un, a ní kó sùn. Títí a fi gbé e dé ọsibítù, ọjọ́ kejì ti ń lọ sópin, orí ẹní nílẹ̀ àgbàlá ni wọ́n ń tẹ́ àwọn aláìsàn sí, ibùsùn ti kún. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. A kò ní owó tí a ó fi gbé e relé, níhìn-ín náà la sin ín sí. Ìyá rẹ̀ kò fojú kan ibojì ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé kòkòrò tó ń fa àrùn yìí kì í ṣe àlejò. Ẹ̀yìn imú àti inú ọ̀fun ló ń gbé. Bí ẹ bá kó ènìyàn mẹ́wàá jọ, ẹnì kan lè wà nínú wọn tó ń gbé e kiri láìṣe é ní nǹkan kan, nítorí pé awọ inú dá a dúró sí ojúde. Nígbà tí ọyẹ́ àti eruku bá ti ba awọ náà jẹ́, ó rí ihò gbà. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn: ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ ó bọ́ sára awọ tó bo ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi ní àkókò tirẹ̀, tó ń gbilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó sì ń rọlẹ̀ ní kété tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní ilẹ̀ tirẹ̀, láti Senegal títí dé Ethiopia, tí dókítà ará Faransé kan, Lapeyssonnie, ti ṣàpèjúwe ní 1963. Àárín ilẹ̀ yẹn gan-an ni Kánò wà. Afẹ́fẹ́ ẹnu àti imú ló ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, nípa ikọ́, sísín àti sísùn pọ̀ nínú yàrá tó há. Ẹ wo yàrá àwa mẹ́jọ yẹn.

A dúpẹ́ pé ayé kò dúró sójú kan. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní MenAfriVac jáde ní 2010, ó dé Nàìjíríà ní 2011, oríṣi àrùn náà tó pa wá lọ́mọ ní 1996, èyí tí wọ́n ń pè ní A, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2017, oríṣi C gbéra ní Zamfara àti Sókótó, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tuntun, Men5CV, tó ń dènà oríṣi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibí ni a ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn kan nínú wa. Tí àwọn alábẹ́rẹ́ bá ń bọ̀ ní àdúgbò, àwọn Yorùbá kan á ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ti àwọn onílẹ̀ ni, àwọn kì í ṣe ọmọ ibí. Òótọ́ ni pé wọn kì í fún ọmọ wa ní ìwé ọmọ-ìbílẹ̀, a ti sọ ìyẹn títí ẹnu wa fi bó. Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í béèrè ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ kó tó wọlé. Àwọn mìíràn ṣì ń bi wá léèrè ìdí tí oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fi jẹ́ kíkán sẹ́nu, pé kí ló fara sin níbẹ̀. Kò sí ohun tó fara sin. Ẹnu ni àrùn náà ń gbà wọlé, awọ inú ìfun ló sì ti ń pọ̀ sí i, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni wọ́n rán ẹ̀ṣọ́ lọ. Irú èyí tó wà láti ilẹ̀ wá ni wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ó ti kúrò ní Áfíríkà.

Kí ni ká wá ṣe fún imú? Omi mímu ni àkọ́kọ́, kódà bí òtútù kò bá jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ yín. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yin tó ń ta ata gígún àti ẹ̀yin tó ń gé pákó, ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé ṣí díẹ̀ lálẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni ká fi bá òtútù jà, kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì. Èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná tí a dá sínú yàrá máa ń dá àwọn irun tó ń gbálẹ̀ yẹn lọ́wọ́ kọ́. Áásáà náà ń jó awọ imú, a mọ̀ pé àwọn bàbá wa kan á bínú sí wa lórí èyí, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ ná.

Ní ti òrí, àwọn ìyá wa kò ṣìnà. Ní 1979, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tella tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé òrí ń la imú tó dí. Ẹ fi ìka ra díẹ̀ sí etí ihò imú, ó tó. Ẹ má yọ́ ọ kán sínú imú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni àdín àti òróró, torí òróró tó bá ṣèèṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró ń fa wàhálà mìíràn. Róòbù tó ń ta, ẹ má fi sí imú ọmọ ọwọ́ rárá. Ó ń mú kí awọ náà wú ni, ọ̀nà èémí ọmọ sì kéré.

Màmá nọ́ọ̀sì ní ká má gbàgbé àwọn obìnrin. Awọ kan náà ló wà lójú ara wọn, ó ń fọ ara rẹ̀, ó sì ní àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń fi álọ́ọ̀mù, ọṣẹ tàbí omi iyọ̀ fọ inú lọ́hùn-ún, ọlọ́dẹ ni wọ́n ń lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Omi lásán lóde ara ti tó. Bákan náà ni àwa ọkùnrin tí a ń ra oògùn ara ríro lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ alágbára, tí a ń gbé e mì lórí ikùn òfo. Oògùn bíi aspirin àti ibuprofen ń dín ikun tó bo àpò oúnjẹ kù, omi kíkan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara wa. Ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú tí a ń pè ní ọlọ́sà, tí a ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ata, ibẹ̀ ló ti wá.

Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ kó wà lórí gbogbo yín kí oòrùn tó mú, láti ìsinsìnyí títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa, ni èyí: bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná lójijì, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, tí ọrùn le, tí ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú, tó ń bì tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má ra oògùn ibà. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé ọrùn ń dun òun, àmọ́ ibi rírọ̀ àárín orí rẹ̀ lè wú sókè, á kọ ọmú, á sì máa ké lọ́nà tí kò ké rí. Ọsibítù tààrà ni, lóru tàbí lọ́sàn-án, wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín. Àdúrà dára, ẹ ṣe é nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá sì ní owó ọkọ̀, kó kan ilẹ̀kùn wa tàbí ti olórí àdúgbò rẹ̀, kó má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́, ó ti ń gbọ́ Hausa díẹ̀díẹ̀, àǹtí rẹ̀ ń bá a fi òrí ra imú lálaalẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì dà mọ́. Ẹni tó ní kí wọ́n dá a padà ti wá bẹ̀bẹ̀, ó fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà. Màmá nọ́ọ̀sì yóò wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìpàdé oṣù yìí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù, láti fi bí a ṣe ń fún imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ hàn wá, kí wọ́n sì wo káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ kó àwọn ọmọ wá, ẹ mú káàdì dání. Ẹnikẹ́ni kò ní san kọ́bọ̀.